Àwọn márùn-ún inú Cromwell: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa táǹkì asáré ilẹ̀ Bírítéènì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì

Kí ni wọ́n ń pè ní táǹkì asáré?

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ná. Nílé wa, tí ènìyàn bá pe táǹkì, omi ló máa ń wá sọ́kàn wa, èyí tí wọ́n gbé sórí òpó lẹ́yìnkùlé. Ẹ má rò pé àwọn ológun ló ṣi ọ̀rọ̀ náà lò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Bírítéènì tó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ yìí kò fẹ́ kí amí mọ ohun tí wọ́n ń rọ, ni wọ́n bá ń pè é ní táǹkì, kí ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ máa fi gbé omi ni. Orúkọ ẹ̀tàn yẹn ló mọ́ ọn lára títí dòní.

Nígbà tí ogun kejì ń bọ̀, àwọn ọ̀gá ológun Bírítéènì pín táǹkì wọn sí oríṣi méjì pàtàkì. Oríṣi kan wúwo, irin ara rẹ̀ nípọn, kò sì yára, torí pé àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ló ń bá rìn. Matilda àti Churchill wà nínú ìyẹn. Oríṣi kejì fúyẹ́ díẹ̀, eré ni wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ kó máa ṣe: kó já wọ ibi tí ọ̀nà bá ti là, kó yí ọ̀tá po láti ẹ̀yìn, kó sì lé ẹni tó bá ń sá. Òun ni wọ́n sọ ní cruiser. Lójú tèmi, ìpín yìí kò bọ́gbọ́n mu tó bí wọ́n ṣe rò, torí ẹni tó sáré dé iwájú ọ̀tá ṣì máa gba ọta sára. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá pín in bẹ́ẹ̀, Cromwell ì bá má sí.

Cromwell wo nínú wọn?

Cruiser Mark VIII ni. Nínú ìwé iṣẹ́ wọn, A27M ni nọ́ńbà rẹ̀. Oliver Cromwell, ọ̀gágun tó bá ọba jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 28, ó gùn ní mítà 6.35, ó fẹ̀ tó mítà 2.9, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.5. Oṣù kẹfà ọdún 1944, ní Normandy nílẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ wọ ìjà gidi. Ẹ̀ka ológun Keje tí wọ́n ń fi táǹkì jà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Eku Aṣálẹ̀, ló lò ó jù. Àwọn ọmọ ogun Pólándì àti ti Czechoslovakia náà gùn ún.

Ènìyàn mélòó ló ń wọ̀ ọ́, níbo sì ni kálukú ń jókòó?

Ẹni márùn-ún. Ẹ fojú inú wò ó bí ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Iwájú ni awakọ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ wà. Yàrá àárín ni àwọn mẹ́ta tó ń ja ìjà gan-an. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ògiri irin ló la yàrá kan sí ìkejì. Ti iwájú ní ihò tí ènìyàn lè gbà kọjá. Ti ẹ̀yìn ló ń ya ooru ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára wọn.

Awakọ̀ wà níwájú lápá ọ̀tún. Fèrèsé irin kan wà níwájú ojú rẹ̀. Bí kò bá séwu, ó lè ṣí i gbayawu kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí ìjà bá dé, ó máa tì í, á wá máa wo ọ̀nà láti inú gíláàsì tó nípọn, tàbí láti inú awò méjì tí ojú wọn yọ sókè òrùlé. Kò sí sítíárìn roboto bíi ti mọ́tò. Ọ̀pá irin méjì ló ń fà, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún.

Lápá òsì rẹ̀, lódìkejì ògiri irin mìíràn, ni ayìnbọn iwájú jókòó sí. Ìbọn arọ̀jò-ọta Besa kan ni tirẹ̀, ó sì ń fi lé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó bá fẹ́ sún mọ́ ọkọ̀. Òun náà ni igbákejì awakọ̀. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kéré nígbà ìjà, ó sì pọ̀ nígbà tí ìjà bá dá: òun ni wọ́n sábà máa ń rán níṣẹ́, òun ló máa ń dáná.

Ó wá ku ilé ìbọn, ìyẹn orí táǹkì tó ń yí kiri. Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìjókòó wọn sì ń bá a yí. Ayìnbọn wà lápá òsì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára awò tó fi ń wo ọ̀tá. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn ayìnbọn, ni ọ̀gá ọkọ̀ wà. Bí ọ̀gá bá fẹ́ pe àkíyèsí rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó lè fi orúnkún tì í lẹ́yìn. Lápá ọ̀tún, òun nìkan, ni akibọn: ẹni tó ń ki ọta bọ inú ìbọn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Òun ló ń gbé ọta ìbọn ńlá, òun ló ń pààrọ̀ ọta Besa kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ńlá, òun náà ló sì ń tọ́jú rédíò. Nínú àwọn márùn-ún, mi ò rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí tó tirẹ̀.

Rédíò wo ni wọ́n ń lò?

Nọ́ńbà 19 ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà mẹ́ta ló sì ní. Ọ̀kan fún ọ̀gá tó wà lókèèrè, ọ̀kan fún táǹkì tó wà nítòsí, ẹ̀kẹta fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ariwo ẹ́ńjìnnì àti irin kò jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ohùn ẹnì kejì, nítorí náà gbogbo wọn ló ń fi nǹkan gbọ́rọ̀ sétí. Bí ọ̀gá bá gbàgbé yí i padà sí ọ̀nà inú ọkọ̀, àṣẹ tó fẹ́ fún awakọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ máa gbọ́.

Kí ló dé tí ẹni mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ wà nínú ilé ìbọn? Ẹni méjì kò ha tó?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí Bírítéènì ti dán ẹni méjì wò, ojú wọn sì rí nǹkan.

Crusader ni táǹkì asáré tó gbajúmọ̀ ṣáájú Cromwell, òun ni wọ́n fi jà ní aṣálẹ̀ Líbíà àti Íjíbítì láti 1941. Nígbà tó jáde, ìbọn rẹ̀ kéré, mìlímítà 40 ni ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ilé ìbọn rẹ̀ sì gba ẹni mẹ́ta. Ó tún ní ilé ìbọn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí ènìyàn kan ń há ara rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú Besa kan. Ooru àti èéfín ìbọn kò jẹ́ kí ẹni náà gbádùn, ìríran rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló yọ ilé kékeré yẹn dànù, wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀, wọ́n sì kó ọta síbi tí ènìyàn ti ń jókòó.

Ìbọn kékeré náà kò ran irin àwọn ará Jámánì mọ́, nígbà tí wọ́n sì ṣe Crusader Mark III, wọ́n gbé ìbọn ẹlẹ́nu mìlímítà 57 sínú ilé ìbọn kan náà. Ìbọn ńlá dé, ẹnì kan ní láti kúrò. Àwọn méjì ló ṣẹ́ kù lókè, awakọ̀ kan nísàlẹ̀. Ta ló wá ń ki ọta? Ọ̀gá ọkọ̀ ni. Ọ̀gá tó yẹ kó máa wo ibi tí ewu ti ń bọ̀, tó yẹ kó máa bá àwọn táǹkì yòókù sọ̀rọ̀, tó yẹ kó máa sọ fún awakọ̀ ibi tí yóò yà sí, òun náà ló ń bẹ̀rẹ̀ gbé ọta nísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, táǹkì náà fọ́jú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ àwòṣe táǹkì pé kí wọ́n ka ìjókòó kí wọ́n tó ka ìbọn. Cromwell kò ní ìbọn tó dára jù nínú ogun náà rárá. Àmọ́ ó dá ẹni kẹta padà sínú ilé ìbọn, ó dá ojú ọ̀gá padà fún un.

Bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó, kí ló dé tí inú rẹ̀ tún há?

Sípíríìnì ni. Ní 1936, ọ̀gágun Martel ti Bírítéènì rí àwọn táǹkì kan ní Rọ́ṣíà tí wọ́n ń sáré lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan, J. Walter Christie, wá. Bírítéènì náà ra táǹkì kan lọ́wọ́ Christie, ọgbọ́n rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò títí dórí Cromwell: àgbá ẹsẹ̀ ńláńlá márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sípíríìnì gígùn tirẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó ń gòkè sórí òkìtì, ara ọkọ̀ kò sì mì jù.

Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n máa kó sípíríìnì gígùn bẹ́ẹ̀ sí? Inú ògiri ni. Ẹ̀gbẹ́ Cromwell jẹ́ irin méjì tí àlàfo wà láàárín wọn, sípíríìnì ló kún àlàfo yẹn. Bí ẹ bá wo táǹkì náà láti ìta, ẹ máa rò pé ó fẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ máa rí i pé sípíríìnì ti pín ilé mọ́ yín lọ́wọ́. Wọn kò sì lè mú un fẹ̀ sí i bó ṣe wù wọ́n, torí ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé táǹkì kiri nílẹ̀ Bírítéènì, ó sì gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ afárá àti inú ihò ilẹ̀ láìgbún nǹkan.

Àǹfààní kan wà tí mi ò fẹ́ gbójú fò. Sherman ti Amẹ́ríkà ga ju Cromwell lọ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Sherman wà, iwájú ni jíà rẹ̀ wà, ọ̀pá irin tó so méjèèjì pọ̀ sì ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn inú ilé ìbọn kọjá. Ti Cromwell, ẹ́ńjìnnì àti jíà jọ wà lẹ́yìn. Kò sí ohun tó gba abẹ́ wọn kọjá, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ọkọ̀ wá sún mọ́ ilẹ̀. Táǹkì tó bá kúrú ló rọrùn láti sá pamọ́ sẹ́yìn igbó.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ló ń lò?

Òótọ́ ni. Meteor ni orúkọ rẹ̀, Rolls-Royce ló sì ṣe é láti ara Merlin, ẹ́ńjìnnì tó ń gbé Spitfire àti Hurricane fò. Sílíńdà 12, lítà 27. Wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ kúrò, torí táǹkì kò ní fò, wọ́n sì yí ìhà tó ń yí sí padà. Agbára rẹ̀ tó ẹṣin 600. Ti Crusader, tí ọgbọ́n rẹ̀ ti wà láti Ogun Àgbáyé Kìíní, jẹ́ 340 péré, ẹ̀rọ tó ń fa omi rẹ̀ sì ń dá wọn lágara nínú iyanrìn aṣálẹ̀.

Rolls-Royce kò ṣe Meteor pẹ́. Iléeṣẹ́ Rover ń bá ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì fà á, iṣẹ́ náà kò sì yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943, àwọn méjèèjì ṣe pàṣípààrọ̀: Rover gba Meteor, Rolls-Royce gba jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ ohun tí Rolls-Royce fi jẹ́ẹ̀tì dà lẹ́yìn ìgbà náà á mọ ẹni tó jèrè jù.

Báwo ló ṣe ń sáré tó?

Àwọn tó kọ́kọ́ jáde lè sá kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Ẹsẹ̀ wọn kò gba eré yẹn pẹ́, wọ́n wá dín in kù sí nǹkan bí 52. Ó lè yí ara rẹ̀ po lójú kan, nítorí jíà Merritt-Brown tó ní lè mú ẹ̀wọ̀n irin ẹsẹ̀ kan lọ síwájú, kó mú ìkejì padà sẹ́yìn. Àwọn tó ti rí katapílà níbi iṣẹ́ títì mọ bí irin ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹ ilẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé jíà márùn-ún ló ní fún iwájú, ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ̀yìn, ìpadàsẹ́yìn rẹ̀ sì lọ́ra gan-an. Táǹkì tó ń sáré lọ bá ọ̀tá, tí kò lè yára padà sẹ́yìn nígbà tó bá rí Tiger, táǹkì ńlá àwọn ará Jámánì, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀.

Ìbọn rẹ̀ ńkọ́?

Mìlímítà 57 ni àkọ́kọ́. Ó dára láti fi lu irin, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ tó ń bú gbàmù kò lágbára, ohun tí táǹkì sì ń bá pàdé jù kì í ṣe táǹkì ẹgbẹ́ rẹ̀: àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó sá sínú ilé àti àwọn tó gbé ìbọn pamọ́ sẹ́yìn ọgbà ni. Wọ́n wá fẹ ẹnu ìbọn náà sí mìlímítà 75, tó lè lo ọta kan náà pẹ̀lú Sherman, ọta 64 sì ni wọ́n ń kó. Ìbọn tuntun ń bú dáadáa, àmọ́ kò wọ irin tó ti tẹ́lẹ̀. Níwájú Tiger tí irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe.

Kí ló dé tí wọn kò gbé ìbọn 17-pounder tó lágbára sí i? Kò wọlé. Òrùka tí ilé ìbọn ń yí lórí kéré jù fún un. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi Sherman Firefly kan, tó ní 17-pounder, ti Cromwell mẹ́ta lẹ́yìn. Challenger, tó jẹ́ Cromwell tí wọ́n fà gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di mẹ́fà, gba ìbọn náà, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Villers-Bocage?

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1944, Tiger tí ará Jámánì kan, Michael Wittmann, jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ já wọ ìlú kékeré yẹn ní Normandy, ó sì ń ba ọkọ̀ Bírítéènì jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Cromwell kan, ti Captain Pat Dyas, fẹ̀yìn rìn wọ inú ọgbà ilé kan. Tiger náà kọjá níwájú rẹ̀, ó gbé ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ayìnbọn Dyas ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Nígbà tí wọ́n wá tọpa Tiger náà tí wọ́n yìnbọn lù ú, ọta 75 kò ràn án, Tiger fọ́ táǹkì wọn. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí bú ìbọn Cromwell, wọ́n sì jàre. Èmi, ìjókòó tó ṣófo yẹn ni mo máa ń rántí.

Kí ni àwọn kókó irin tó yọ lára ilé ìbọn rẹ̀?

Orí bóòtù ni. Ilé ìbọn náà ní ojú mẹ́fà, irin tó nípọn ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara irin inú. Iwájú rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 76. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àwọn kan tó jẹ́ pé jórinjórin ló jó ara wọn pọ̀ dípò bóòtù, wọ́n sì fi irin kún iwájú wọn títí dé mìlímítà 101. Ojú irin rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò dagun bíi ti Panther, táǹkì Jámánì mìíràn, ọta kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Bí iná bá sọ, báwo ni wọ́n ṣe ń jáde?

Ó kù sí ibi tí kálukú jókòó sí. Ọ̀gá ọkọ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, orí rẹ̀ sábà máa ń wà níta, nítorí kò sí awò tó dà bí ojú ènìyàn. Ìyẹn náà ló mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kú sọ́wọ́ àwọn ayìnbọn àfarapamọ́ ní Normandy. Ìdérí tó tẹ̀ lé e, tó ní gíláàsì yíká, dín ewu náà kù díẹ̀. Akibọn ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lókè. Ayìnbọn kò ní. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí ọ̀gá kọ́kọ́ jáde.

Àwọn méjì iwájú ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Òkè orí wọn ni ìdérí wọn wà, bí ilé ìbọn bá sì dúró síbi tí kò dára, ó lè di ìdérí náà mọ́ wọn lórí. Àwọn ọkọ̀ tó jáde lẹ́yìn ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ láti yẹra fún èyí. Ó dùn mí pé ẹ̀kọ́ yìí pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Níbo ni wọ́n ń sùn, kí ni wọ́n ń jẹ?

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni, lábẹ́ tapólì. Wọn kì í fẹ́ sùn sábẹ́ táǹkì gan-an, torí bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ bá rọ̀, tọ́ọ̀nù 28 lè rọra jókòó lé wọn lórí. Oúnjẹ inú agolo ni wọ́n ń jẹ. Tíì kò gbọ́dọ̀ wọ́n: wọ́n á da bẹntiróò sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú agolo, wọ́n á ṣáná sí i, omi á hó. Táǹkì tó rọ́pò Cromwell lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ tó ń se omi sínú rẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ̀ kalẹ̀ nítorí tíì mọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ Cromwell àti Centaur?

Ẹ́ńjìnnì. Centaur, A27L, ń lo Liberty àtijọ́. Àwọn ọmọ ogun orí omi Bírítéènì lo èyí tó ní ìbọn mìlímítà 95 ní etíkun Normandy.

Ṣé àwọn ènìyàn wa jà nínú rẹ̀?

Rárá. Àwọn ọmọ ogun tó ti Nàìjíríà lọ jà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn náà ní Burma, nínú ẹ̀ka 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní àfonífojì Kaladan, orí ni wọ́n ń fi ru ẹrù, torí ọkọ̀ kò ríbi gbà. Baba tó bá sọ fún yín pé òun wa táǹkì ní Normandy, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Níbo la ti lè rí i lónìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo lọ sí Wool ní Dorset; ilé àkójọ táǹkì ti Bovington kò jìnnà síbẹ̀. Òmíràn wà ní igbó Thetford, níbi tí àwọn Eku Aṣálẹ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó lọ Normandy. Wọ́n gbé e sórí pèpéle ní ìrántí wọn. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ tí ẹ kọjú sí i, ìjókòó ayìnbọn iwájú ló wà lápá ọ̀tún yín. Ẹ wo òkè ibẹ̀, kí ẹ wo bí ilé ìbọn ṣe sún mọ́ ọn tó.